Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Etiópíà, Òwò Ilẹ̀ Rẹ̀ àti Àwọn Ẹranko Orí Òkè Rẹ̀

Lẹ́tà tó dé sí ọ́fíìsì wa lórí ọ̀rọ̀ Etiópíà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀ ju èyí tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Àpilẹ̀kọ kúkúrú tí a tẹ̀ jáde nípa ìlú Addis Ababa, níbi tí wọ́n ti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1963, ló fa púpọ̀ nínú wọn. A ti ṣa àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wọnú ara wọn, nítorí ó hàn sí wa bí a ṣe ń kà wọ́n pé ọ̀rọ̀ ìtàn, ọ̀rọ̀ òwò àti ọ̀rọ̀ ẹranko kò ṣeé yà sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ náà. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga tó níbì kan, tó sì rì tó níbòmíràn, ló pinnu ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń tà, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń tà á, àti irú ẹran tó ń bá wọn gbé.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Olùkọ́ ìtàn kan sọ fún wa nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ pé ìjọba kan wà ní Etiópíà láyé àtijọ́ tó ń ná owó wúrà tirẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni wọ́n ń tà tí wọ́n fi lówó tó bẹ́ẹ̀? – Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ. Aksum ni orúkọ ìjọba náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sí àríwá Etiópíà òde òní àti orílẹ̀-èdè Eritrea. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ikú Olúwa wa títí wọ ọ̀rúndún keje ni agbára rẹ̀ fi hàn létí Òkun Pupa. Ìlú ọba wà lórí òkè, ṣùgbọ́n èbúté rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Adulis, wà nísàlẹ̀ létí omi. Ìwé atọ́nà kan tí wọ́n fi èdè Gíríìkì kọ fún àwọn oníṣòwò ojú òkun ní ọ̀rúndún kìíní náà sọ pé ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni láti Adulis dé ọjà Koloe, lẹ́yìn náà ìrìn ọjọ́ márùn-ún mìíràn kí èèyàn tó wọ Aksum. Eyín erin ni olórí ọjà. Láti òdì kejì odò Náílì ni wọ́n ti ń kó o wá sí Aksum kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ sí èbúté, ìwo àgbáǹréré àti igbá ẹ̀yìn ìjàpá sì tẹ̀lé e. Ohun tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń kó bọ̀ ní tiwọn ni aṣọ láti Íjíbítì, ohun èlò dígí, idẹ, àáké, irin tí wọ́n ń fi rọ ọ̀kọ̀, àti wáìnì díẹ̀. Ìwé yẹn kan náà dárúkọ ọba kan, Zoskales, ó ní ọ̀kánjúwà ni nínú ọ̀rọ̀ dúkìá, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìwé Gíríìkì dáadáa ni.

Ní ìparí ọ̀rúndún kẹta ni Ọba Endubis bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó wúrà, fàdákà àti bàbà. Àwọn ìjọba tó ń rọ owó wúrà ní gbogbo ayé ìgbà náà kò pọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òmíràn nínú wọn ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Bí ẹ bá wo ọ̀kan nínú owó wúrà náà dáadáa, ẹ ó rí orí ọba láàárín ṣírì ọkà méjì, àti àmì òṣùpá kékeré lókè rẹ̀. Nígbà tí Ọba Ezana gba ẹ̀sìn Kristẹni ní ọ̀rúndún kẹrin, òṣùpá náà kúrò lójú owó, àgbélébùú sì dípò rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá to owó Aksum sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ààfin ti yí ẹ̀sìn padà. Wọ́n ti hú owó wọ̀nyí jáde nínú ilẹ̀ ní Yemen, wọ́n sì ti rí i ní Íńdíà pàápàá.

Òwò wúrà fúnra rẹ̀ wù mí láti sọ díẹ̀ sí i. Oníṣòwò ará Alẹkisáńdríà kan tí a mọ̀ sí Cosmas dé Adulis ní ọ̀rúndún kẹfà, ó sì kọ bí àwọn èèyàn ọba Aksum ṣe ń lọ ra wúrà ní ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Sasu. Wọ́n á da màlúù lọ, wọ́n á ru iyọ̀ àti irin pẹ̀lú. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀gún sọ ọgbà, wọ́n á pa màlúù, wọ́n á sì gbé ègé ẹran, iyọ̀ àti irin sórí ẹ̀gún náà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ á wá, olúkúlùkù á fi hóró wúrà lé ohun tó wù ú, á sì sún sẹ́yìn. Bí iye wúrà náà bá tẹ́ ọlọ́jà lọ́rùn, á mú un, ẹni tó rà á á sì gbé ọjà rẹ̀ lọ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á á sì fi kún un tàbí kó mú wúrà rẹ̀ padà. Gbogbo ìdúnàádúrà yìí ń lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu, nítorí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, kò sì sí ògbufọ̀.

Àwọn Mùsùlùmí nínú àwọn òǹkàwé wa ti mọ Aksum lọ́nà mìíràn. Ọba ibẹ̀, tí ìtàn ẹ̀sìn ń pè ní Najashi, ló gba àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì Muhammad tó sá fún inúnibíni ní Mẹ́kà mọ́ra ní nǹkan bí ọdún 615. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, agbára ìjọba náà ti ń dín kù, nítorí ọ̀nà òwò Òkun Pupa ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, nítorí ó ká mi lára. Ikọ̀ ọba Róòmù kan, Nonnosus, tó gba ọ̀nà Adulis lọ sí Aksum ní ọ̀rúndún kẹfà, kọ ọ́ pé òun rí agbo erin tó tó 5,000 nínú pápá kan lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn lónìí kò ní rí ẹyọ kan. Eyín wọn ló kọ́ ìlú yẹn, ìlú náà sì wà nílẹ̀ títí dòní pẹ̀lú àwọn ọwọ̀n òkúta gàgàrà rẹ̀. Erin ni kò sí mọ́. Ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, nítòsí Harar, ni ibi ààbò erin Babile wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, àwọn tó kù níbẹ̀ sì ń jà fún ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀.

Mo gbọ́ lórí rédíò pé iyọ̀ ni àwọn ará Etiópíà ń ná bí owó. Iyọ̀ àti ata ni mò ń tà, ọ̀rọ̀ náà sì yà mí lẹ́nu. Báwo ni wọ́n ṣe ń ná iyọ̀? – Ìyá ọlọ́jà kan, Ìlọrin

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹni tó sọ ọ́ lórí rédíò kò parọ́, àmọ́ kì í ṣe iyọ̀ tó kúnná ni wọ́n ń ná láyé ìgbà kan. Iyọ̀ tí wọ́n gé ní gbọọrọ, tó le bí òkúta, tí wọ́n ń pè ní amole ni. Inú ilẹ̀ rírì Danakil ní àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Ilẹ̀ náà fi nǹkan bí mítà 120 rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ, ooru ibẹ̀ sì máa ń ju ìwọ̀n 45 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òkun Pupa ti ya wọ ibẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí omi náà gbẹ, iyọ̀ ló ṣẹ́ kù sílẹ̀ ní ìpele lórí ìpele.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wà á. Ọkùnrin kan á fi àáké la ojú iyọ̀, àwọn mìíràn á ti ọ̀pá gígùn bọ ibi tó là, wọ́n á sì jùmọ̀ tẹ ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ títí pẹpẹ iyọ̀ kan á fi ṣí kúrò nílẹ̀. Ẹlòmíràn tó ti lóṣòó ló máa gbà á, tí á fi irinṣẹ́ kékeré gé etí rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi dọ́gba, nítorí iyọ̀ tí etí rẹ̀ kò bá gún kò ní ṣeé tò dáadáa sẹ́yìn ràkúnmí. Àwọn Afar ló ni ilẹ̀ náà, àwọn ará Tigray sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá bá wọn ṣe iṣẹ́ náà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀wọ́ ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ń fi ọjọ́ mélòó kan gun òkè lọ sí ọjà Mekele, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù ti ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti la títì débẹ̀.

Ohun tó sọ ọ́ di owó ni pé gbogbo ará òkè ló nílò rẹ̀, fún ara wọn àti fún ẹran ọ̀sìn wọn, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti lè rí i jìnnà. Francisco Alvares, àlùfáà ará Pọtogí tó gbé Etiópíà láti 1520 sí 1526, kọ ọ́ pé bí iyọ̀ náà bá ṣe ń jìnnà sí ibi tí wọ́n ti wà á ni iye rẹ̀ ń lọ sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ọkọ̀ lórí ọjà yín mọ ìdí rẹ̀ ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Ẹni tó bá ní amole mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ Danakil kò tíì ní nǹkan kan tó tó nǹkan, ṣùgbọ́n tó bá lè gbé e dé gúúsù ìwọ̀-oòrùn láìjẹ́ pé òjò pa á, ó ti di olówó.

Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni owó fàdákà kan láti Austria ti wọlé bá iyọ̀, tí wọ́n ń pè ní thaler, tí àwòrán Ayaba Maria Theresa wà lára rẹ̀. Ọdún 1780 ni wọ́n kọ sí i. Ọdún yẹn náà ni ayaba ọ̀hún kú, síbẹ̀ 1780 ni wọ́n ń kọ sí i nìṣó títí di ọ̀rúndún ogún, nítorí àwọn ọlọ́jà kò gba èyí tí àmì ara rẹ̀ bá yàtọ̀. Ọba Menelik Kejì ti Etiópíà rọ owó tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní birr láti 1894, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ọjà tó gbà á tọkàntọkàn. Fàdákà ni wọ́n fi ń ra ohun ńlá, iyọ̀ sì wà fún ohun kékeré, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí títí wọ ọ̀rúndún ogún.

Bàbá mi ní oko kọfí nígbà ayé wọn. Ṣé Etiópíà ni kọfí ti wá lóòótọ́, àbí ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá? Ìtàn ewúrẹ́ tó jẹ èso kọfí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ńkọ́? – Òǹkàwé kan, Kàbbà

Ọlọ́run á tún ibi tí bàbá yín sùn sí ṣe. Bí oko wọn bá jẹ́ ti irú kọfí tí wọ́n ń pè ní robusta, bí ọ̀pọ̀ oko kọfí Nàìjíríà àti Tógò ṣe jẹ́, a jẹ́ pé irú tiwọn wá láti inú igbó ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Irú mìíràn, arabica, ni ti Etiópíà. Igbó gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, ní agbègbè Kaffa àti àyíká rẹ̀, ló ti ń hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ òjìji àwọn igi ńlá, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó mítà 1,300 sí 2,000. Àwọn Lárúbáwá ní ipa tiwọn, nítorí ẹ̀rí tó dájú jù lọ nípa mímu kọfí bí a ṣe ń mu ún lónìí wá láti Yemen ní ọ̀rúndún karùndínlógún, lọ́wọ́ àwọn Súfì tó ń fi lé oorun lọ nígbà ìjọ́sìn òru. Ìtàn darandaran àti ewúrẹ́ rẹ̀ kò hàn nínú ìwé kankan títí di ọdún 1671, ní Yúróòpù, nítorí náà ẹ má kà á sí ìtàn tó ṣẹlẹ̀.

Ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo lè sọ níhìn-ín nípa bí wọ́n ṣe ń sè é, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Obìnrin ilé á tẹ́ koríko tútù sílẹ̀, á fọ kọfí tútù, á yan án níwájú àwọn àlejò nínú àwo irin, á sì gbé àwo náà yí ilé ká kí olúkúlùkù lè fi ọwọ́ fẹ́ èéfín rẹ̀ sí imú. Lẹ́yìn náà ni yóò gún un nínú odó, tí yóò sè é nínú ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pè ní jebena. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú: abol, tona, baraka. Ìwà àìmoore ni kí àlejò dìde lọ kó tó mu ẹ̀ẹ̀kẹta. Nǹkan bí ìdajì kọfí tí Etiópíà ń kó jọ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń mu fúnra wọn, èyí tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ilẹ̀ tó ń ta kọfí sókè òkun.

Àìdọ́gba èrè ni ẹ̀dùn ọkàn tó wà nínú òwò náà. Orúkọ àwọn agbègbè bíi Sidamo, Harar àti Yirgacheffe ti di ohun tí wọ́n ń fi ta kọfí lówó gọbọi ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àgbẹ̀ tó gbìn ín ń gba ìwọ̀nba kékeré. Ìjọba Etiópíà gbìyànjú láti fi orúkọ wọ̀nyí sábẹ́ òfin ohun ìní rẹ̀, àríyànjiyàn sì wáyé pẹ̀lú Starbucks, iléeṣẹ́ kọfí ńlá ti Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn ní 2007. Mo gbà pé ohun tó tọ́ ni ìjọba náà ṣe, ó sì wù mí kí àwọn ilẹ̀ tó ń gbin kòkó kọ́ ọ.

Ọdẹ ni mí. Ẹnìkan sọ pé àwọn ará Etiópíà ń sin ẹtà nílé nítorí lọ́fínńdà. Ṣé ẹtà tí àwa mọ̀ yìí náà ni? – Òǹkàwé kan, Ṣakí

Òun náà ni, irú kan náà tó ń na òru nínú igbó ilẹ̀ wa. Ọ̀rá kan wà nínú àpò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ìrù rẹ̀, èyí tó fi ń sàmì sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Òórùn ọ̀rá náà kò ṣeé fara dà bó bá pọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi díẹ̀ pò mọ́ òróró olóòórùn dídùn, kì í jẹ́ kí òórùn náà tètè lọ. Láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn ni Etiópíà ti ń ta á, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù lọ tí àwọn aṣelọ́fínńdà Faransé ń lò sì ti wá.

Akọ ni wọ́n ń mú. Wọ́n á fi igi ṣe àgò tóóró tí ẹran náà kò lè yí padà nínú rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ahéré tí wọ́n ń dáná sí, wọ́n á máa fún un ní ẹran, ẹyin àti ògì. Ní ọjọ́ bíi mẹ́sàn-án sí méjìlá síra wọn, wọ́n á fa ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á fi ṣíbí tí wọ́n fi ìwo ṣe ha ọ̀rá náà jáde, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú ìwo màlúù tí wọ́n máa dí lẹ́nu. Ìwo náà ni wọ́n ń kó dé ọjà.

Mi ò ní fi èrò mi pamọ́ fún yín. Ìyà ni ẹran náà ń jẹ nínú àgò yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń kú láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá mú wọn láti igbó. Láti 1926 tí onímọ̀ kẹ́míkà kan, Leopold Ruzicka, ti mọ bí èròjà tó ń mú ọ̀rá náà rùn ṣe tò ni ọ̀nà ti là fún àwọn onímọ̀ kẹ́míkà láti ṣe irú rẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹran, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ lọ́fínńdà sì ti yà sí ìyẹn. Ìdílé àgbẹ̀ tó jẹ́ pé owó ìwo ẹtà ni wọ́n fi ń san owó orí nílò iṣẹ́ mìíràn, kì í ṣe èébú lásán.

Ṣé òkè ló gba Etiópíà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ní Adwa, àbí ìgboyà? Àwa ọ̀rẹ́ jiyàn lé e lórí. – Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Adó-Èkìtì

Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ ní Adwa, níbi tí Etiópíà ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ítálì ní 1896, ṣùgbọ́n ẹ ti fo ẹ̀kẹta, òun ni ìbọn tí wọ́n fi owó òwò rà. Ní oṣù kìíní ọdún 1887 ni Menelik, tí ó ṣì jẹ́ ọba Shewa, agbègbè kan ní àárín Etiópíà, nígbà náà, gba ìlú Harar. Ìlú olódi yìí ni gbogbo ẹrù láti gúúsù ń gbà kọjá lọ sí etíkun, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ tẹ ọ̀nà tí eyín erin, kọfí àti ọ̀rá ẹtà ń gbà jáde, ó sì tẹ ọ̀nà tí ìbọn ń gbà wọlé. Ó ra ìbọn lọ́wọ́ àwọn Faransé àti àwọn mìíràn. Arthur Rimbaud, akéwì ará Faransé tó di oníṣòwò kọfí ní Harar, wà lára àwọn tó tà fún un. Kódà àwọn ará Ítálì fúnra wọn fún un ní ìbọn nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Wuchale pẹ̀lú rẹ̀ ní 1889. Àdéhùn yìí ló padà di ogun, nítorí Ítálì fi tirẹ̀ sọ pé Etiópíà ti wà lábẹ́ ààbò òun, ohun tí Menelik kò fọwọ́ sí rí.

Òtítọ́ tó korò wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí a kò gbọ́dọ̀ bò mọ́lẹ̀. Ẹrú wà lára ohun tí wọ́n ń tà gba ọ̀nà òwò yẹn fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ìṣẹ́gun Menelik ní gúúsù sì jẹ́ ìparun fún àwọn kan, títí kan ìjọba Kaffa tó ṣubú ní 1897. Ọdún 1942 ni òfin fòpin sí oko ẹrú pátápátá.

Ẹ tún ro ti ìyàn. Ní nǹkan bí 1887 sí 1888, màlúù tí àwọn ọmọ ogun Ítálì kó wọ èbúté Massawa gbé àrùn rinderpest wá. Àrùn náà pa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú màlúù ilẹ̀ náà, ó pa ẹfọ̀n inú igbó pẹ̀lú, ìyàn tó tẹ̀lé e sì jà títí di 1892. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1896, ni ogun tí àwọn òpìtàn fojú bù sí nǹkan bí 100,000 pàdé àwọn ọmọ ogun Ọ̀gágun Baratieri, tí wọ́n jẹ́ bíi 17,000, ní Adwa. Ní ti òkè tí ẹ béèrè, ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun Ítálì pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú òkùnkùn, tí wọn kò fi lè ran ara wọn lọ́wọ́. Ayaba Taytu, ìyàwó Menelik, náà kó ogun tirẹ̀ wá, òun sì ni wọ́n ní ó gbìmọ̀ pé kí wọ́n gba orísun omi lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ítálì tó wà ní odi Mekele ní oṣù kìíní ọdún náà. Nígbà tí Ítálì padà wá ní 1935, ọkọ̀ òfurufú àti gáàsì olóró ni wọ́n kó wá, òkè kò sì lè dá ìyẹn dúró. Wọ́n gba ilẹ̀ náà láti 1936 títí di 1941.

Kí ló dé tí àwọn ẹranko kan wà ní Etiópíà tí kò sí níbòmíràn láyé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ nípa wọn fún àwọn ọmọ wa. – Olùkọ́ kan, Òṣogbo

Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ìbéèrè tí inú mi dùn sí jù lọ nìyí. Apá tó pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ gíga Áfíríkà ló wà ní Etiópíà. Òkè Ras Dashen ga ju mítà 4,500 lọ, pápá Sanetti ní òkè Bale sì tẹ́jú lọ bẹẹrẹ ní ibi tó ga tó mítà 4,000. Ilẹ̀ gbígbóná ló yí àwọn òkè wọ̀nyí ká. Ẹran tí ara rẹ̀ ti mọ́ òtútù orí òkè kò lè sọ̀ kalẹ̀ gba inú ooru kọjá lọ sí òkè mìíràn tó jìnnà, nítorí náà ó dúró, ó ń bí sí i níbẹ̀, títí ó fi yàtọ̀ sí gbogbo ẹbí rẹ̀ yòókù. Báyìí ni ewúrẹ́ igbó Walia ṣe wà ní òkè Simien nìkan, àti bí nyala orí òkè, tí í ṣe ẹbí ìgalà, ṣe fara pamọ́ ní Bale àti agbègbè rẹ̀ tó fi jẹ́ pé 1910 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀bọ gelada kún un, tó jẹ́ pé koríko ni oúnjẹ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó sórí pápá bí àgbẹ̀ tó ń tu koríko, tó ń fi ìka já a ní ewé-ewé, a sì máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbun lálẹ́ kí ẹran apani má bàa bá a. Awọ pupa kan tí kò ní irun wà láyà rẹ̀.

Ìkookò Etiópíà, tí orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Canis simensis, ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ jù. Irun rẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ ṣe tóóró. Àwọn tó ti dàgbà nínú wọn kò tó 500 mọ́ ní gbogbo ayé, ó sì ju ìdajì wọn lọ tó wà ní Bale. Wọ́n ń gbé ní agbo, wọ́n jọ ń ṣọ́ ilẹ̀, wọ́n jọ ń bọ́ ọmọ, àmọ́ olúkúlùkù ló ń dá ọdẹ tirẹ̀ ṣe, nítorí eku ni wọ́n ń pa. Eku ńlá kan wà ní Bale tó ń gbé inú ihò, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òkété. Ìkookò náà á dùbúlẹ̀ sẹ́nu ihò láìmira, títí eku á fi yọrí jáde. Ní 2024 àwọn onímọ̀ tẹ ìròyìn kan jáde pé wọ́n rí i tó ń lá oje òdòdó kan tó pupa, tí ìyẹ̀fun òdòdó náà sì kún ẹnu rẹ̀, tó fi ṣeé ṣe kó máa gbé e láti òdòdó kan dé òmíràn bí oyin ṣe ń ṣe.

Ní òkè Guassa ní agbègbè Menz, àwọn ìkookò yìí máa ń rìn láàárín agbo gelada, tí gelada kò sì ní sá. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé nígbà tí wọ́n bá wà láàárín agbo náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbìyànjú wọn ló ń yọrí sí pípa eku, nígbà tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tí wọ́n bá dá wà. Wọn kì í sì í sábà fọwọ́ kan ọmọ gelada, ó dà bí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé àǹfààní náà á bàjẹ́. Àwọn èèyàn Menz pẹ̀lú ní ìyìn tiwọn. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti ní òfin ìlú tí wọ́n ń pè ní Qero, tí wọ́n fi ń ti pápá Guassa pa fún ọdún mélòó kan kí koríko tí wọ́n fi ń bo ilé lè hù dáadáa, kí wọ́n tó jọ ṣí i fún gbogbo ìdílé tó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Ìyípadà òfin ilẹ̀ ní 1975 tú òfin náà ká, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ tún kó ara wọn jọ, pápá náà sì wà lábẹ́ àbójútó wọn títí dòní. Nítorí òrùlé ni wọ́n ṣe é, ẹran sì rí ibi gbé.

Ohun tó ń pa ìkookò yìí kì í ṣe ọta ọdẹ. Oko ọkà báálì àti ẹran ọ̀sìn ń gun òkè sí i lọ́dọọdún, ajá àwọn darandaran sì ń tẹ̀lé wọn, pẹ̀lú àrùn dìgbòlugi. Ní 1991 sí 1992, àti ní 2003, àrùn yìí ti pa agbo-agbo wọn ní Bale. Láti 1995 ni ètò kan ti wà tó ń fún ajá àwọn abúlé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn ìkookò fúnra wọn pàápàá sì ti ń gba oògùn àjẹsára nínú ẹran tí wọ́n jù sílẹ̀ fún wọn lóru. Iṣẹ́ náà gba sùúrù gan-an: ènìyàn á gun ẹṣin nínú òtútù, á wá agbo kọ̀ọ̀kan rí, á sì dúró wò ó títí ẹran náà á fi jẹ ẹ́.

Tọkọtaya ni wá, a sì ń gbèrò láti lọ fojú ara wa rí àwọn ẹranko yìí. Ìmọ̀ràn wo lẹ ní? – Abẹ́òkúta

Ọkọ̀ òfurufú Ethiopian Airlines ń lọ tààrà láti Èkó sí Addis Ababa. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìkookò, Bale ni kí ẹ lọ. Oríkò ọgbà ẹranko náà wà ní Dinsho, àwọn nyala sì máa ń jẹ̀ káàkiri níbẹ̀ láìbẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ gelada àti ewúrẹ́ Walia ni, ẹ gba Gondar lọ sí Debark, níbi tí ẹ ó ti san owó ìwọlé òkè Simien, tí wọn yóò sì fún yín ní amọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bí ààbò ṣe rí ní agbègbè Amhara, níbi tí Gondar àti Simien wà, kí ẹ tó ra ìwé ọkọ̀, nítorí ìjà ti ń wáyé níbẹ̀ láti 2023. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kẹwàá lọ, ló dára jù, ṣùgbọ́n òtútù òru lórí Sanetti lè mú kí omi dì, nítorí náà ẹ kó aṣọ tó nípọn lọ́wọ́, ẹ sì rọra rìn ní ọjọ́ kìíní nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Ohun kan tó kù ni pé láti ìdájí ni wọ́n ti ń ka aago níbẹ̀. Bí awakọ̀ bá ní aago kan òwúrọ̀ ni òun yóò wá gbé yín, aago méje tiwa ló ń sọ.